Ìwé Tí Bámiṣayọ̀ Kà Sókè Lọ́sàn-án

Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo mọ ilé náà ní abúlé Garki, ní Àbújá. Mo ti jókòó lórí àpótí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo sì ti fi etí ara mi gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó kọ́kọ́ lọ jókòó síbẹ̀ ní agogo kan ọ̀sán, kó tó wá bá mi jà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ kò bá tíì ṣú lọ́dọ̀ yín, ẹ fojú kà á. Ẹ má kà á sókè.

Ọdún 1987 ni, ọyẹ́ ṣì mú. Bámiṣayọ̀ lorúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ Mọ́pà ni, ó ti tó ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò sì tíì níyàwó. Iṣẹ́ máìgádì ló ń ṣe. Ní Maitama, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ́fíìsì ìjọba kan, òun ló ń ṣọ́ sìmẹ́ǹtì àti irin wọn láti ìrọ̀lẹ́ dé àárọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á wọ mọ́tò wálé, á sùn títí di agogo mọ́kànlá, á bọ́jú, á jókòó sídìí tábìlì, á sì máa kọ̀wé.

Ẹ ó ní ìwé wo ni máìgádì ń kọ. Gbogbo ayé ló bi í bẹ́ẹ̀. Ìtàn àròsọ ni, ìwé gidi, tó máa tó igba ojú ewé. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn ló kéde pé àwọn ń wá ìwé ìtàn tuntun lédè Yorùbá, kó dé ọ̀dọ̀ àwọn kí oṣù kẹta tó parí. Nígbà tí oṣù kìíní ń lọ sópin, Bámiṣayọ̀ ti kọ orí mẹ́jọ.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà, òun ló kọ́ èmi náà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá yìí, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé ní Area 2. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá bá ti parí ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń yá wa, àwa mẹ́rin á dúró sẹ́yìn, bàbá á mú ṣọ́ọ̀kì, á bẹ̀rẹ̀. Kì í rẹ́rìn-ín. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ló máa ń sọ, ṣùgbọ́n a kì í gbàgbé rẹ̀.

"Ẹni tí kò fẹ́ nǹkan kan kì í ṣe ènìyàn inú ìtàn. Àga ni. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń wá kí ẹ tó jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

"Ẹ má sọ fún wa pé obìnrin náà ń bínú. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe gbé ìkòkò kalẹ̀."

"Ẹ má kó odidi ènìyàn alààyè sínú ìwé. Ẹ mú imú lára ẹnì kan, ẹ mú ìrìn lára ẹlòmíràn. Ènìyàn Ọlọ́run kì í ṣe ẹrù yín."

"Bí ẹ bá ti ní ẹnì kan yarọ ní orí kìíní, kò gbọdọ̀ jó ní orí karùn-ún."

Èyí tó sì gbẹ̀yìn, tó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì gbá pátákó sí: "Ẹ kà á sókè. Ojú ewé kan lójúmọ́, ẹ ti ìlẹ̀kùn, ẹ kà á sókè. Ojú a máa fo nǹkan kọjá. Etí kì í fo ohunkóhun."

Bámiṣayọ̀ gba òfin wọ̀nyí gbọ́ bí ẹni gba Bíbélì gbọ́. Ó kọ wọ́n sára ògiri lókè tábìlì rẹ̀.

Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé yàrá méjì náà. Ìbídùnní lorúkọ ìyá, ṣùgbọ́n Yèyé lọmọ ń pè é. Ọmọ mẹ́fà ni Yèyé bí, Bámiṣayọ̀ nìkan ló dúró. Bàbá tó bí i kú, ọmọ bá lọ kó ìyá wá láti Mọ́pà. Kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Bí Yèyé kò bá sí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ó jẹun tàbí kò jẹ. Ohun tí ọkùnrin yìí ní láyé kò ju méjì lọ: ìyá kan, ìwé kan.

Iṣẹ́ Yèyé ni kó bó ẹ̀gúsí fáwọn tó ń tà á lọ́jà Garki. Á gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, á gbé ọpọ́n lé itan, á máa bó o. Pà. Pà. Pà. Ìró yẹn kì í dákẹ́ láti àárọ̀. Ọwọ́ òsì ló sì fi ń bó o. Bámiṣayọ̀ sọ fún mi pé nígbà tí Yèyé wà lọ́mọdé, àkàndùn mú àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó jẹ èékánná ibẹ̀ tán, kò sì hù mọ́. Awọ pẹlẹbẹ ló wà níbẹ̀. Bí Bámiṣayọ̀ bá ti jí, tó bá ti gbọ́ pà, pà, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì mú bírò.

Nínú ìwé tó ń kọ, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ẹfúnróyè. Ọkọ rẹ̀ ti bá iṣẹ́ ìwakùsà lọ sí Jọ́ọ̀sì, kò padà, obìnrin náà sì ń retí rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo. Kí n má purọ́, Yèyé ni Ẹfúnróyè. Ìrìn Yèyé ni, ìró orin Yèyé ni, aṣọ búlúù Yèyé ló ró, ẹ̀gúsí ló ń bó. Bámiṣayọ̀ ti kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ tán kó tó rántí òfin bàbá. Ó bá wá ohun kan yí padà, kó lè sọ pé òun kò jalè. Ó kọ ọ́ sí orí kìíní pé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Ẹfúnróyè pé, èékánná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì ń dán. Ìyẹn nìkan ló yí padà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bàbá ka orí kẹjọ, ó sì dá a padà fún un.

"Bámiṣayọ̀, obìnrin yìí kò lóhùn."

"Sà?"

"Ó ń sọ̀rọ̀ bíi lẹ́tà ìjọba. Ìyá lo pè é. Kí ni ìyá máa ń sọ fọ́mọ lálẹ́? Lọ gbọ́ ọ wá."

Ọ̀rọ̀ náà dun Bámiṣayọ̀. Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ti wọ̀, kò tíì lọ síbi iṣẹ́, ó lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

"Yèyé, ẹ pa àlọ́ kan fún mi."

Yèyé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ! Ìwọ tí irùngbọ̀n kún àgbọ̀n rẹ báyìí?"

"Mo fẹ́ fi sínú ìwé ni."

Yèyé gbé ọpọ́n sílẹ̀. Ó wojú ọ̀run, bí ẹni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ kù níbẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọmọ kan wà láyé ijọ́un tí kì í lè ṣe kó má pe ìyá rẹ̀. Bó bá pè é, tí ìyá dáhùn, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Á tún pè é. Ìgbàkígbà tó bá sì pè é, ibi tí ìyá ti ń dáhùn á jìnnà díẹ̀ sí i. Orin rẹ̀ nìyí:

Yèyé o, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?
Mo wà, ọmọ mi, ẹnu ọ̀nà ni mo wà.
Yèyé o, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?
Mo wà, ọmọ mi, ẹ̀yìn ilé ni mo wà.
Yèyé o, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?
Mo wà, ọmọ mi, etí odò ni mo wà.
Yèyé o, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?
Mo wà, ọmọ mi, òdìkejì odò ni mo wà.

Níbẹ̀ ni mọ́tò ti fọn fèrè lójú títì. Bámiṣayọ̀ fò dìde.

"Ó kù díẹ̀," ni Yèyé wí. "Bọ́mọ ṣe rí ìyá rẹ̀ padà ló kù. Màá parí rẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n má pa á lọ́sàn-án o. A kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ ló fẹ́ sọ nù."

"N kò ní pa á, Yèyé. Kíkọ ni mo fẹ́ kọ ọ́."

"Ìyẹn kò burú. Ìwé kò lẹ́nu."

Bẹ́ẹ̀ ni ó wí gẹ́lẹ́. Ẹ fi sọ́kàn.

Bámiṣayọ̀ kò dúró de ìparí rẹ̀, ó kọ àlọ́ náà sí orí kẹsàn-án. Nǹkan kan kò ṣe. Ó kọ ọ́ dáadáa, ó sì rí i pé Ẹfúnróyè ti ní ohùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń sáré kọ ọ́. Bó ti kọ ojú ewé àkọ́kọ́ tán, ó ti ìlẹ̀kùn yàrá gẹ́gẹ́ bí òfin, ó dìde dúró, ó sì kà á sókè.

Agogo kan ọ̀sán ni. Ní Garki ayé ìgbà yẹn, katapílà kì í dákẹ́ láti àárọ̀. Wọ́n ń fọ́ àpáta, wọ́n ń tú ilẹ̀, ariwo ṣáá ni. Àfi agogo kan, tí àwọn òṣìṣẹ́ bá lọ jẹun. Gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Àní ìró ẹ̀gúsí dákẹ́.

"Yèyé o, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?" ni Bámiṣayọ̀ kà.

"Mo wà, ọmọ mi. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà."

Láti ìta ni. Bámiṣayọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣílẹ̀kùn. Yèyé jókòó sórí àpótí, ọpọ́n wà lórí itan rẹ̀, ó sì ń wo iwájú.

"Yèyé, ẹ ń bá mi ṣeré."

"Eré wo?"

"Ẹ dá mi lóhùn ní ìsinsìnyí."

"Èmi? Mi ò lanu o. Ta ló pè mí?"

Ó rò pé ìyá òun ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe jí, ìró ẹ̀gúsí jọ pé ó rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni Yèyé gbé àpótí sí. Ó ní ibẹ̀ ní ìbòòji. Bámiṣayọ̀ kò kà á sí. Ó kọ ojú ewé kejì, ó kà á sókè lágogo kan, ohùn sì dáhùn láti ẹ̀yìn ilé. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín. Ó yọjú lójú fèrèsé. Yèyé ti fẹ̀yìn ti ògiri, ó ti sùn lọ, ẹnu rẹ̀ sì pa dé.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò dúró níbẹ̀. Èmi náà bi í. Ó ní òun rò pé oorun ló ń yọ òun lẹ́nu. Máìgádì tí kì í sùn lóru lè gbọ́ ohunkóhun lọ́sàn-án. Àti pé, ó sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ìtìjú, ojú ewé náà dára. Kò kọ irú rẹ̀ rí.

Ó ka ẹ̀kẹta. Bó ṣe kà á tán, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó mí kanlẹ̀. Kò pẹ́ ni ẹnì kan kan ìlẹ̀kùn. Rísíkàt ni, ìyàwó bíríkìlà ará Ìṣẹ́yìn tó ń gbé yàrá kejì sí tiwọn.

"Bọ̀dá Ṣayọ̀, kí ni Màmá ń ṣe létí odò nínú oòrùn yìí? Mo kí wọn títí, wọn ò wojú mi."

Bámiṣayọ̀ sáré lọ. Odò kékeré ni, ó wà nísàlẹ̀ abúlé, ọmọdé lè là á kọjá. Yèyé jókòó sórí àpótí rẹ̀ létí omi. Pà. Pà. Ó ń dá sọ fún ara rẹ̀ pé, "Mo wà. Mo wà."

Ó mú un lọ́wọ́ wálé. Ọwọ́ náà tutù. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, kó tó lọ síbi iṣẹ́, Bámiṣayọ̀ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ parí àlọ́ yẹn fún mi."

"Àlọ́ wo?"

"Èyí tọ́mọ ń pe ìyá rẹ̀."

Yèyé wò ó pẹ̀lú àánú. "Ọmọ mi, mi ò mọ irú àlọ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rù wá bà á wàyí. Ó pinnu pé òun kò ní ka ojú ewé kẹrin. Lọ́jọ́ Ìsinmi ó ròyìn fún bàbá, lójú gbogbo wa. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan gbọ́ ọ dópin. Ó sì ka orí kẹsàn-án sínú, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti rọ̀.

"Ìyá yìí ti lóhùn," ni ó wí. "Bámiṣayọ̀, o ti di òǹkọ̀wé. Àlọ́ ni àlọ́, ìwé ni ìwé. Má jẹ́ kí àìsùn sọ ọ́ dòmùgọ̀. Parí rẹ̀."

Ó tó ọdún méjì tí gbogbo wa ti ń wá kí bàbá yẹn sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí wa. Mo jowú, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ sí, kó wá lọ fi bírò sílẹ̀?

Ó ṣe é tọgbọ́ntọgbọ́n. Lọ́jọ́ Ajé, ó tẹ́ ẹní fún Yèyé nínú yàrá, síwájú òun gan-an. Ó ti ìlẹ̀kùn, ó fi irin há a. Ó ní ibi tí Yèyé bá lè lọ, kó lọ lójú òun. Yèyé dùbúlẹ̀, ó sùn. Katapílà dákẹ́. Bámiṣayọ̀ tẹjú mọ́ ọn, ó sì fi ohùn wẹ́lẹ́ ka ìlà tó ti há sórí.

"Yèyé o, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?"

Ó tẹ́tí sílẹ̀. Àyà Yèyé ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀. Lọ́nà jíjìn, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lókè omi, ó gbọ́ ọ.

"Mo wà, ọmọ mi. Òdìkejì odò ni mo wà."

Ó bojú wo ìwé, kó rí ìlà tó kàn. Kò ju ìṣẹ́jú akàn lọ. Nígbà tó gbójú sókè, ẹní ló wà nílẹ̀. Ìlẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Irin ṣì wà níbi tó há a sí. Apá ibi tí orí Yèyé wà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tó fọwọ́ kàn án.

Ó kígbe. Igbe náà ni Rísíkàt fi mọ̀ pé nǹkan ṣe.

Gbogbo wa la wá Yèyé. Ẹgbẹ́ wá a, ìjọ wá a, àwọn Gwari tó ni ilẹ̀ náà mú àdá, wọ́n bá wa gé koríko òdìkejì odò. Ilẹ̀ ebè iṣu ni, àti àpáta pẹlẹbẹ kan. Bí a bá dúró létí odò níhìn-ín, a ń gbọ́ ọ. Pà. Pà. Pà. Bí a bá là á kọjá, ó dákẹ́. Orí àpáta náà la ti bá èèpo ẹ̀gúsí, òkìtì kékeré kan, ó ṣì tutù. Ọkùnrin Gwari kan wò ó, ó wò wá. "Kai," ni ó wí, ó sì mú àdá rẹ̀, ó lọ sílé.

Ní ọjọ́ kẹrin, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan wá. Ó jókòó sórí àpótí ẹnu ọ̀nà. Ó gbọ́ ìró náà. Ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún.

"Èmi ni mo ní kó o kà á," ni ó wí.

Bámiṣayọ̀ ń wo ọ̀nà odò. Kò tíì jẹun láti ọjọ́ Ajé.

"Àlọ́ tí kò parí nìyẹn. Ó ń rìn kiri. Parí rẹ̀ fún un."

"Bàbá, n kò mọ ìparí rẹ̀. Yèyé nìkan ló mọ̀ ọ́n."

"Òǹkọ̀wé ni ọ́. Ṣe é. Mú ìyá náà padà wálé, má mú un wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ ni kó kọ́kọ́ dé, kí aṣọ dé, kí ọwọ́ dé. Kó o sì rántí gbogbo ohun tó o ti sọ nípa rẹ̀ látẹ̀yìn. Bí kò bá bára mu, kò ní dúró."

Bámiṣayọ̀ jókòó. Ó fi omijé kọ ojú ewé yẹn. Ó kọ ọ́ pé ìyá dìde lórí àpáta, ó la odò kọjá, omi mù ún dé orúnkún. Ó kọ aṣọ búlúù, etí rẹ̀ tó rin. Ó kọ ìrìn rẹ̀. Ó kọ bó ṣe wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá kan ọwọ́. Bírò dúró. Ó fẹ́ kọ àtàǹpàkò náà, awọ pẹlẹbẹ tí kò ní èékánná. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ ní orí kìíní pé èékánná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé, wọ́n sì ń dán. Ó gbójú sókè, ó wo òfin tó kọ sára ògiri. Ẹni tó yarọ ní orí kìíní kò gbọdọ̀ jó ní orí karùn-ún. Bàbá sì ti ní bí kò bá bára mu, kò ní dúró.

Ó tẹ̀lé òfin.

Lágogo kan, ó dìde, ó kà á sókè. Ó kà á dé ìlà ìpè náà.

"Yèyé o, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?"

"Mo wà, ọmọ mi. Inú ilé ni mo wà."

Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni. Ó yíjú padà. Yèyé dúró níbẹ̀, omi ń kán látara aṣọ búlúù sórí sìmẹ́ǹtì. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bámiṣayọ̀ wó lulẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, ó ń ké bí ọmọ ọwọ́.

Ẹ wo ayọ̀ lọ́jọ́ náà! Rísíkàt ń jó, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹnu. A ṣe ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Yèyé jẹ iyán, ó bi olúkúlùkù léèrè ilé, kò ṣi orúkọ ẹnikẹ́ni pè. A bi í níbi tó lọ. Ó ní òun kò lọ síbì kankan. A kò tún bi í mọ́. Ẹni tí Ọlọ́run bá dá ìyá rẹ̀ padà fún kì í tú ẹrù wò.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan. Bámiṣayọ̀ jí lágogo mọ́kànlá, ó gbọ́ pà, pà lẹ́nu ọ̀nà, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó jáde láti kí ìyá rẹ̀. Ó dúró. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń bó ẹ̀gúsí. Ó yá, ó mọ́, bí ẹni tó ti ń fi í ṣe é láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọwọ́ náà. Èékánná wà lórí àtàǹpàkò. Ó ń dán.

"Yèyé, àkàndùn yín ńkọ́?"

"Àkàndùn wo?" Ó wò ó pẹ̀lú àánú. "Ọmọ mi, àkàndùn kò ṣe mí rí."

Ó lọ bi Rísíkàt. Rísíkàt ní òun kò wo èékánná ẹnikẹ́ni rí. Ó bi èmi náà. Kí n sọ tòótọ́, n kò rántí. Ta ló máa ń wo àtàǹpàkò ìyá ẹlòmíràn?

Katapílà dákẹ́, agogo kan lù. Àwọn ọmọ Rísíkàt mẹ́ta ń ṣeré nínú eruku. Hausa làwọn ọmọ yẹn ń sọ láàárín ara wọn. Bí ìyá wọn bá bá wọn sọ Yorùbá, wọ́n á gbọ́, wọn kì í fi fèsì. Ìyá orí àpótí gbójú sókè nínú oòrùn gangan, ó sì pàtẹ́wọ́.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!" ni àwọn ọmọ náà dáhùn, ẹnu wọn sì já gaara.

Bámiṣayọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n ń pàlọ́ lọ síwájú rẹ̀, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ọpọ́n ẹ̀gúsí sì wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bó o. Ibẹ̀ ló ti wá gbọ́ ọ. Láti ìsàlẹ̀, láti òdìkejì odò. Pà. Díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ọwọ́ ń dùn. Pà. Pà.

Kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là.

"Yèyé o, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?"

"Mo wà," ni ẹni orí àpótí dáhùn.

"Mo wà," ni òdìkejì odò dáhùn.

Oṣù kẹta ti parí. Ìwé náà wà nínú àpótí irin lábẹ́ ibùsùn, ìwé tó dára jù tí ẹnikẹ́ni nínú wa kọ, kò sì lọ sí Ìbàdàn. Bàbá ti sọ fún un pé kó tún ojú ewé tó gbẹ̀yìn kọ, kó yọ èékánná náà kúrò, kó kà á. Bámiṣayọ̀ bi í pé, "Bí mo bá kà á, ibo lẹni tó wà nílé máa lọ?" Ẹni tó wà nílé ń se oúnjẹ fún un. Ó ń fọ aṣọ rẹ̀. Nígbà tí ibà dá a wó nínú òjò, kò fojú kan oorun fún òru mẹ́ta. Bó bá jẹ́ pé òun gan-an ni Yèyé ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ọmọ ló ṣi ọwọ́ ìyá rẹ̀ rántí ńkọ́?

Lọ́sàn-án, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò. Á jókòó sórí koríko, á pe ìyá rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́ kó má baà dé ilé, á sì gbọ́ tó dáhùn. Kò lè là á kọjá. Bó bá là á kọjá, á dákẹ́.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bọ̀ láti ibẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rin. Ìyá gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, ó bu omi fún un, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbọn koríko kúrò lórí irun rẹ̀.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "ta lò ń lọ pè létí odò lójoojúmọ́?"

Bámiṣayọ̀ tẹ orí ba.

"Máa jẹun. Mo wà ńbí."

Ó bu òkèlè. A jókòó síbẹ̀, àwa mẹ́ta. Lódìkejì odò, ẹnì kan ń bó ẹ̀gúsí.